Aṣọ Funfun Tó Wà Lẹ́yìn Rẹ

Akínkúnlé,

Kámẹ́rà tuntun rẹ dé láàárọ̀ yìí, mo sì ti bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò bí o ṣe ní kí n ṣe. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tan iná ara rẹ̀. Má tan iná náà dé òpin o, ńṣe ni ojú mi funfun báláú bí ẹni tó da àtíkè sójú. Tí o bá dín in kù díẹ̀, ojú á mọ́ kedere, kódà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ṣókùnkùn yìí.

Àmọ́ kò sí ohun tí iná yẹn ń bò. Aṣọ funfun tí o máa ń ta kọ́ sẹ́yìn rẹ nígbà ìpàdé, kí àwọn ará ọ́fíìsì rẹ ní Èkó má baà rí òfì ìhunṣọ Bàbá, gbogbo igi òfì ló yọ lára rẹ̀. Mo bá fà á lulẹ̀. Nígbà tí mo tún wo kámẹ́rà, sányán tí mò ń hun lọ́wọ́ ń dán, ó wù mí títí.

Má wá aṣọ náà kiri. Mo ti fi di òwú tí mò ń gbé lọ sí Ìlerò, mi ò sì ní dá a padà. Tó bá dùn ọ́, má pè mí, mi ò ní gbé e. Ẹ̀bà wà nínú kúlà.

Bí wọ́n bá bi ọ́ lọ́sàn-án yìí pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ, sọ fún wọn pé òfì Bàbá ni, òun ló rán ọ nílé ìwé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ẹfúnwùmí