Lẹ́tà tí ẹ kọ lórúkọ mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ti mú àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé. Kékeré wà lọ́dọ̀ aránṣọ ìsàlẹ̀. Ó ti mu oògùn ikọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní òmíràn kó tó di ọ̀sán. Mi ò dáná.

Yunifásítì pè mí láàárọ̀ yìí. Obìnrin tó pè ní, "A ti rí lẹ́tà yín pé ẹ ò wá mọ́. Ṣé ká fi ẹlòmíràn rọ́pò yín?" Mo ní mi ò kọ lẹ́tà kankan. Ó bá kà á fún mi. Nígbà tó dé ibi "ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́ni bá a tọ́jú ọmọ", mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná. Fóònù mi tí ẹ yá lọ́jọ́ Ẹtì ni ẹ fi kọ ọ́.

Láti ọjọ́ tí mo ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàlúù ni mo ti ń pọn ọmọ yín kàwé. Àṣé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ bá kúkú bẹ̀ mí. Ó ṣeé ṣe kí n gbà.

Wọ́n ní kí n yọjú kí aago méjìlá tó lù. Bí wọ́n bá gbà mí, màá wá kó ẹrù mi ní Sátidé. Bí wọn ò bá gbà mí, màá ṣì wá kó o.

Àbúrò yín