Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Níbi Ìṣílé

                                        Ilé Kẹtàlá, Baṣọ̀run,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Ràfátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Òṣogbo? Bàbá Ahmed ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ọmọ-ọmọ wa tuntun ńkọ́? Ọlọ́run á bá wa wò ó dàgbà. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, oorun kò kun ojú mi mọ́.

O mọ Akínbíyìí, àbúrò mi. Owó ìfẹ̀yìntì tí mo fẹ́ fi parí ilé mi kékeré ni mo yá a nígbà tó fẹ́ ra ilé ní àdúgbò Challenge níbí. A kò kọ ìwé. Ta ló máa ní kí ọmọ ìyá òun tọwọ́ bọ̀wé? Ó ní bí àyálégbé bá ti wọlé, òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. Ilé onílé ni mo ṣì ń gbé títí di òní.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ ìṣílé, àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé èmi ni mo ra ilé náà, ojú sì ń ti Akínbíyìí lọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹ̀gbọ́n onílé sọ̀rọ̀, mo gba máìkì, mo ní òógùn ojú rẹ̀ ló fi rà á, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Mo kàn fẹ́ bo àbúrò mi láṣìírí ni.

Ní báyìí, Akínbíyìí wà ní ọsibítù, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Mo rọra dárúkọ owó náà fún Olúkẹ́mi ìyàwó rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ sọ lójú gbogbo ayé pé kò jẹ yín. Fídíò rẹ̀ wà lórí fóònù mi.” Kò purọ́ mọ́ mi. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́.

Lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀ ti bá mi tẹ ìwé pé owó yíyá ni. Ó ní kí Akínbíyìí buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ bá a ní ọsibítù lánàá. Bó ṣe rí mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní bí òun bá ti rí mi, ẹ̀rù kì í ba òun mọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ọsàn ni mo bó fún un, mo sì gbé ìwé mi padà sílé.

Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù láìsunkún, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ rán Mánsúrù onímọ́tò sí ọ. Jọ̀wọ́, wá lọ́la, wá ṣe ẹlẹ́rìí, kí o sì bá mi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Akínbíyìí. Bá mi kí Bàbá Ahmed àti gbogbo ilé.

Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀, mo ní kí Ọlọ́run dá Akínbíyìí sí. Bí mo ṣe ṣe àmín tán, ọkàn mi bi mí pé ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, ọmọ ìyá mi ni àbí owó mi.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Ọláṣùmbọ̀.