Bàbá Ilẹ̀kùn, Káfíńtà Tó Kan Ọkọ̀ Ìgbòkun Sẹ́yìnkùlé

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, àwa ẹbí kí yín, ẹ kú àánú wa, ẹ kú ìdúró. Ẹni tí a torí wọn péjọ lónìí ni bàbá wa tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ilẹ̀kùn. Ọdún 1941 ni wọ́n bí wọn, nínú yàrá òkè ilé alájà méjì kan tó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ èrò ojú omi ti ń gúnlẹ̀. Bàbá wọn ló ń gba okùn tí àwọn awakọ̀ bá jù sí èbúté, tó ń so ó mọ́ òpó. Bàbá bàbá wọn náà, okùn ló so jẹun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kì wọ́n ní ọmọ a-so-kókó-kí-ìjì-má-lè-tú-u. Ìyá wọn ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn, ó bí ọmọ mẹ́fà, Bàbá sì ni ìkẹrin. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àjà yàrá ń jò, abọ́ ni wọ́n gbé síbi tó ń jò kí omi má baà kán sí ọmọ tuntun lórí. Ẹ ò rí i pé omi ti ń wá wọn láti ọjọ́ yẹn!

Ní ọdún 1948, wọ́n fi wọ́n sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n jókòó sí, fèrèsé náà sì kọjú sí ọ̀sà. Olùkọ́ wọn a máa sọ pé, “Mo ti gbà kí omi mú ojú rẹ. Etí rẹ nìkan ni kó o fún mi.” Wọ́n ka ìwé mẹ́fà parí. Nígbà tó di 1955 tí ara bàbá wọn kò le mọ́, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn nìkan ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ni ọ̀gá náà fi lé wọn lọ́wọ́: “Igi kì í kú tán. Bó bá mumi, á wú. Fún un láàyè tí yóò fi mí.” Bàbá di ọ̀rọ̀ yìí mú bí ẹni di ẹsẹ Bíbélì mú. Kò sí ẹni tí wọ́n ṣe ilẹ̀kùn fún tí wọn ò kà á sí létí.

Ọdún 1966 ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aránṣọ ọ̀hún, èmi tí ẹbí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni. Wọ́n kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n wá wò ó bóyá ó ń ké. Lọ́jọ́rú wọ́n tún wá wò ó bóyá kò tíì gbàgbé bí a ṣe ń padé. Mo ní, “Káfíńtà, ṣé ilẹ̀kùn yìí ń ṣàìsàn ni, tí ẹ fi ń wá bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́?” Wọ́n ní, “Ilẹ̀kùn le koko. Èmi ni ara mi ò yá.” Ìyá mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń tú etí aṣọ, kò gbójú sókè. Ìyá mi ní, “Oògùn ìyẹn ò sí ní ṣọ́ọ̀bù o. Lọ mú àwọn èèyàn rẹ wá.” Wọ́n mú wọn wá. A ṣègbéyàwó lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Olúwa sì fi ọmọ mẹ́ta dá wa lọ́lá.

Ilé iṣẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló sọ wọ́n ní Bàbá Ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ti gba ilẹ̀kùn kan kọjá níbẹ̀ rí, tí kò gbá yín lẹ́yìn, tí kò sì ké bí ẹni tí wọ́n ń fa létí, ọwọ́ Bàbá ló wà lára rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn ló wà láàárín wa níbí, tí irun tiwọn náà ti funfun. Ní àdúgbò, ẹni tó bá ti darúgbó tàbí tó jẹ́ opó, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ̀ tí kò ṣí, Bàbá ló ń ránṣẹ́ sí. Ìfági á wà lápá, ìṣó á wà lẹ́nu.

Nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n tún gbogbo àga ìjókòó ṣe, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí n má purọ́ lójú òkú, orin kò gbọ́ tiwọn. Olórí akọrin a máa bẹ̀ wọ́n pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwa yòókù ṣíwájú yín díẹ̀.” Síbẹ̀ wọn ò pa ọjọ́ ìdánrawò kan jẹ rí. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fún àkèré ní ohùn kò ní kí àkèré dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ní ọdún 2003, a rò pé wọ́n máa jókòó. Jókòó kẹ̀! Wọ́n ra pákó pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó sẹ́yìnkùlé lábẹ́ okùn tí mo ń sá aṣọ sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan, irú èyí tí èèyàn méjì lè jókòó sí kí orúnkún wọn má sì kọlu ara wọn. Èmi ni mo rán ìgbòkun. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì ya á sílẹ̀ pálọ̀, wọ́n ní kí n má gé e ní gbọọrọ bí aṣọ fèrèsé, kí n fún un níkùn. Mo ní, “Ikùn báwo? Ìgbòkun wo ló lóyún rí?” Wọ́n ní, “Afẹ́fẹ́ ni yóò fún un lóyún. Ìwọ ṣáà fi àyè sílẹ̀.” Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn ará àdúgbò sọ ọkọ̀ náà ní Ìyàwó Kékeré, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá ń wà láti àárọ̀. Èmi náà gbà á lórogún. Wọn á di omi mímu, sítóòfù kékeré, àgọ́ àti ìrọ̀rí sínú rẹ̀, wọn á gba etí ọ̀sà lọ. Ibi tí ọjọ́ bá rọ̀ sí, wọn á wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn, wọn á fi àgọ́ bò ó, wọn á sùn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, èéfín ni wọ́n ń rùn, ojú wọn á sì máa dán bí ọmọ tó jí ṣúgà lá. Òfin kan ló wà nínú ọkọ̀ náà: ohun tí wọ́n bá gbé lọ tí wọn ò lò, kò ní bá wọn lọ mọ́. Bí rédíò ṣe dúró sílé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni bàtà kejì.

Ìjókòó méjì ni wọ́n kàn sínú ọkọ̀, èkejì sì ṣófo. Tèmi ni. Omi ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ èrò tí a wọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wa figbe ta, láti ọjọ́ náà ni mo ti búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní kúrò lórí ilẹ̀ mọ́. Bàbá ò fi agbára mú mi rí, wọn ò sì fi nǹkan mìíràn dí àyè náà.

Ní ọdún 2009, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Dókítà, obìnrin kan tó ní sùúrù, yẹ̀ wọ́n wò títí, ó ní, “Bàbá, mi ò ní kí ẹ má lọ sójú omi. Ẹ ò kàn gbọdọ̀ dá lọ mọ́ ni.” Ta ni yóò wá bá wọn lọ? Àwọn ọmọ ti bá iṣẹ́ lọ. Àkọ́bí wa obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, a ò fẹ́ máa wá yín kiri ojú omi. Ẹ jẹ́ ká ta ọkọ̀ yìí fún ẹni tó lè lò ó.” Bàbá ò jiyàn. Wọ́n fi tapólì bo ọkọ̀, wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó tì í. Oúnjẹ ń tutù níwájú wọn. Ẹni tí à ń ní kó rẹ ohùn sílẹ̀ wá di ẹni tí à ń wá ohùn rẹ̀ kiri ilé. Mo wò ó, mo rí i pé bí a bá ta ọkọ̀ yẹn, ọkọ mi la tà.

Mo ní, “Èmi á bá yín lọ.”

Wọ́n ní, “Ìwọ? Ìwọ tó ń di ojú bó o bá ń bu omi sórí?”

Mo ní, “Èmi náà ni. Ẹ ṣáà má fi òfin yín fi mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Pákó kan wà tó ń gba ihò tóóró kan láàárín ọkọ̀ wọ inú omi, kí afẹ́fẹ́ má baà máa ti ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gúnlẹ̀, okùn la fi ń fà á sókè. Pákó àtijọ́ a máa mì nínú ihò rẹ̀, gbà-gbà-gbà. Bàbá rò ó pé ariwo yẹn á já mi láyà. Wọ́n fá òmíràn nítorí tèmi, wọ́n sì fá a kó ṣe rẹ́gí, tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ mi ò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin tó ti ń sọ fún gbogbo ayé látọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n fún igi láàyè! Ìfẹ́ ló gbàgbé, kì í ṣe ọpọlọ.

A gbéra láàárọ̀. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, nǹkan kan ò dún lábẹ́ wa. Mo di etí ọkọ̀ mú ṣinṣin, mo ń kun orin sínú. Nígbà tó di ọ̀sán, a dé ibi kékeré kan tí omi ti ya wọ inú ilẹ̀, iyanrìn rẹ̀ mọ́, igi ṣíji bò ó. Bàbá fa okùn pákó. Pákó ò gbọ́. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tì í, wọ́n tún fà á. Wọ́n mú òòlù, wọ́n rọra gbá a níhìn-ín, wọ́n gbá a lọ́hùn-ún. Igi ti mumi, ó ti wú, ó ti há pátápátá. Ibi tí pákó ti kan ilẹ̀ lábẹ́ omi, etí iyanrìn ṣì jìnnà sí wa. Ọkọ̀ dúró gbagidi.

Bàbá jókòó, wọn ò wò mí lójú. Wọ́n ní, “Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ilẹ̀kùn. Jẹ́ ká padà sílé.”

Àwa méjèèjì mọ ohun tí wọ́n sọ. Bí a bá yí padà nígbà yẹn, mi ò ní wá mọ́, ọkọ̀ á di títà, Bàbá á sì padà sórí àga ẹ̀gbẹ́ tapólì.

Mo ní, “Báwo lomi yìí ṣe jìn tó?”

Wọ́n ki àjẹ̀ bọ̀ ọ́. “Yóò dé àyà rẹ.”

“Òkè àyà ni àbí ìsàlẹ̀?”

“Àárín ni, ìyá àwọn ọmọ mi.”

Mo gbé ìrọ̀rí méjèèjì karí, mo bọ́ sínú omi. Ó tutù! Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Àṣé ilẹ̀ ń bẹ lábẹ́ omi! Orin bá já bọ́ lẹ́nu mi:

*Omi tó ní òun ó gbé mi lọ,*
*Àyà lo bá mi dé.*
*Omi tó ní òun ó bò mí lórí,*
*Ìrọ̀rí mi ò tutù!*
*Ẹ bá mi yọ̀, ìrọ̀rí mi ò tutù!*

Bàbá rẹ́rìn-ín títí òòlù fi bọ́ lọ́wọ́ wọn sínú omi, títí dòní kò tíì jáde. Wọ́n sọ ìdákọ̀ró sílẹ̀, àwọn náà bọ́ sómi, a ń kó ẹrù lọ, a ń bọ̀ bí èèrà, wọ́n ń gbe orin mi lẹ́yìn ní ohùn wọn tí kò gbọ́ orin. Orí iyanrìn la pàgọ́ sí. Oorun tí mo sùn níbẹ̀, mi ò sùn ún rí nínú yàrá. Nígbà tí a délé, oòrùn mú pákó náà gbẹ, ó tú sílẹ̀ fúnra rẹ̀, Bàbá sì fá a fẹ́lẹ́ kó lè máa mí. Ó ń dún gbà-gbà-gbà, èmi ń kọrin lé e.

Olúwa fi ọdún mọ́kànlá sí i fún wa nínú ọkọ̀ náà. A sùn ní erékùṣù oníkoríko, a sùn lábẹ́ ilé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, a sùn níbi tí òjò ti lù wá tí a fi ẹ̀rín mú aṣọ gbẹ. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìtọ́kọ̀ mú. Bí a bá kọjú síra wa, wọn á ní, “Yà sọ́tùn-ún!” Èmi á ní, “Ọ̀tún tèmi àbí tiyín?” Kí a tó parí ìyẹn, ọkọ̀ á ti wọ inú koríko. Òfin ọkọ̀ mú ìkòkò mi kejì, ó mú agboòrùn mi, ó mú dígí mi. Kò mú mi. Àkọ́bí wa tó ní ká tà á ló wá di ẹni tí ń bá wa sá àgọ́, tó ń ka ìgbà tí a ó tún lọ.

Ní ọdún 2021, ẹsẹ̀ wọn kò gbà wọ́n mọ́ láti gun ọkọ̀. Wọn ò banú jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti lò ó. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2023, lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n mu tíì tán, wọ́n fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí àga pálọ̀, wọ́n sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n fi èmi ìyàwó wọn sílẹ̀ lókè eèpẹ̀, àti àbúrò wọn obìnrin kan, àti àwọn ọmọ mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, àti àbígbẹ̀yìn tí ń tún fíríìjì ṣe, àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ọkọ̀ náà kò sí fún títà.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ayé tí wọ́n gbé. Bàbá wa, dókítà ní kí ẹ má dá lọ, a sì pa á mọ́, ẹ̀yin pẹ̀lú mi, ní gbogbo ibi tí omi gbé wa dé. Èyí nìkan ni mi ò lè bá yín lọ. Mo dúró létí omi, mo ń wò yín lọ, ẹ̀rù ò sì bà mí, torí mo mọ Ẹni tó jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Kí afẹ́fẹ́ rọra gbé yín. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, kí ẹsẹ̀ yín kan ilẹ̀ tó dúró. Ẹ sùn re o, ọkọ mi.