Ẹni Tí Kò Rọ̀jò Ni Mo Lọ Dúpẹ́ Òjò Lọ́wọ́ Rẹ̀

Adébùnmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Humble níbẹ̀? Bíyìí ọkọ rẹ ńkọ́? Ìlérí ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń dá jókòó? Ọlọ́run tí kò gbàgbé ewúrẹ́ inú pápá kò ní gbàgbé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Houston ńlá yẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ojú tó ń tì mí. Ìwé ni mo kọ, torí bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá gbọ́ ẹkún lọ́nà ọ̀fun mi.

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti fi ilé yín sílẹ̀ wá fẹ́ Bàbá Akínṣọlá lóko wọn níbí, ara mi ò sì tíì balẹ̀ bí ìyàwó tuntun, mo ṣì ń bojú bí wọ́n bá pè mí lólólùfẹ́. Kànga oko wọn ti gbẹ. Adágún Noah, aládùúgbò wa tó ń gbin òwú, ni ewúrẹ́ wa ti ń mumi. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà níbí tó ń gbé iná sábẹ́ apá lọ bá ìkùukùu, tó ń fọ́n nǹkan bí iyọ̀ sí i, kí òjò lè rọ̀ dáadáa, kí omi sì tó gbogbo àgbègbè. Bàbá ní kì í dá òjò sílẹ̀ o, ìkùukùu tó ti lóyún ló ń gbẹ̀bí fún. Mo ní ó dáa, agbẹ̀bí ni.

Ní Túsìdeè, òjò ńlá rọ̀. Tọ́sìdeè ni ìpàdé wà ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná, àwọn àgbẹ̀ fẹ́ dìbò bóyá kí ọkọ̀ náà máa fò nìṣó, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Bàbá ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà. Mo rò ó pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò lọ dúpẹ́ àná, irú èèyàn wo nìyẹn? Mo se ìrẹsì kún kúlà, mo dín ẹran lé e. Lẹ́nu ọ̀nà wọ́n gbé fọ́ọ̀mù fún mi, mo rò pé ìwé àlejò ni bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ orúkọ mi. Àṣé ìwé àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni! Wọ́n pè mí, mo gbé kúlà lọ síwájú ọmọbìnrin tó ń wa ọkọ̀ náà, Hafsah, mo kúnlẹ̀, mo fi ìwọ̀nba gẹ̀ẹ́sì mi ní a dúpẹ́ òjò Túsìdeè.

Noah dìde. Mi ò mọ̀ pé yìnyín inú òjò yẹn ti lu òwú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá! Ó ní ṣé ẹ gbọ́, aya Akínṣọlá fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ọkọ̀ yín ló ba oko òun jẹ́. Hafsah ní rárá o, Màmá, táyà ọkọ̀ òun jò, inú gáréèjì ló wà ní Túsìdeè. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ní kí n bá òun dúpẹ́ oòrùn náà. Wọ́n sún ìbò síwájú, Noah ti géètì adágún rẹ̀ pa, Bàbá ò sì bá mi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Adébùnmí, ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, mi ò sì kí aládùúgbò mi kú òfò. Lánàá mo wọ oko òwú rẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kíni kú òfò ní gẹ̀ẹ́sì, mo kàn ń gbé òwú náà dìde ní kọ̀ọ̀kan, mo ń fi okùn dè é mọ́ igi. Noah dé, ó ní Mà, wọ́n ti kú. Mo ní mo mọ̀. Ó wò mí títí, ó ṣí fìlà, ó jókòó sí poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò ṣí géètì o, kí n má purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ó ti họ́ọ̀sì, rọ́bà gígùn tí omi ń gbà, gba abẹ́ wáyà ọgbà wọlé sọ́dọ̀ wa, omi ń yọ.

Họ́ọ̀sì ti wà, ọpọ́n ni kò sí, inú ìkòkò ọbẹ̀ tí o rà fún mi ni ewúrẹ́ ti ń mu. Jọ̀wọ́, fi owó ọpọ́n ńlá kan ránṣẹ́. Wọ́n tún ní fídíò ìpàdé yẹn ti wà nínú fóònù káàkiri. Bí o bá dé Galleria, ọjà ńlá Houston yẹn, bá mi bẹ àwọn tó ń ta fóònù kí wọ́n yọ mí kúrò nínú èyí tí wọn ò tíì tà. Èyí tí wọ́n ti tà, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

O ò ní ṣi ilé kàn lọ́jọ́ ọpẹ́, o ò sì ní pẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ ìkíni. Omi ilé rẹ ò ní gbẹ.

Bàbá ń pè mí láti ìta, ìgbà àkọ́kọ́ láti Tọ́sìdeè. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn di ẹnu họ́ọ̀sì mú. Mò ń lọ.

Èmi ni màmá rẹ.