Ẹ̀bẹ̀ fún Nímọ́tà Tí Ó Kúnlẹ̀ Lórí Pápá Fọ́líbọ́ọ̀lù

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Ìsàlẹ̀ Ọjà,
Ìwòyè-Kétu,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ìdíje Fọ́líbọ́ọ̀lù Àwọn Obìnrin Orílẹ̀-Èdè Mẹ́fà,
Ìlaró,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN TÍ WỌ́N FI KAN NÍMỌ́TÀ OYÈKÚNLÉ: ÌJẸ́WỌ́ ÀTI Ẹ̀BẸ̀

Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ẹgbẹ́ Nàìjíríà ni mo tẹ̀lé lọ sí Ìlaró lọ́jọ́ àṣekágbá ìdíje yín, àwa ni a sì gba ife. Inú mi dùn débi pé ohùn mi há fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. N kò wá dá ife padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí a borí ni mo bá wá.

Nímọ́tà Oyèkúnlé, agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, fi ìwé ẹ̀sùn tí ó gbà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Nàfíù, olùkọ́ Faransé níhìn-ín, ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìwé náà ní kí ó wá jẹ́jọ́ níwájú yín ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì ìkẹyìn sílẹ̀ fún Nàìjíríà. Wọ́n ní ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pe orúkọ kan tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́, pé àmì ìkọ̀kọ̀ ni orúkọ náà, pé bí ó ti gbọ́ ọ ni ó kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá dá a lẹ́bi, ọdún méjì ni kò ní í gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Mo mọ ìyá àgbà náà, mo mọ orúkọ náà, èmi gan-an ni mo sì gbé àga ìyá àgbà síbẹ̀.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe olùkọ́ eré ìdárayá ní Ìwòyè. Okùn tí a fi ń fa omi kànga ni mo so mọ́ igi kajú méjì tí mo fi kọ́ Nímọ́tà ní fọ́líbọ́ọ̀lù. Ará Kétu ní ìhà Bẹ̀nẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Aishat ọmọ Ìwòyè ni ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá Aishat, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni ó dàgbà sí, títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n mú un lọ sí ibùdó ìgbaradì ní Kútọnu. Bí ó bá ṣe àjèjì létí ẹnikẹ́ni nínú yín pé ọmọ tí a tọ́ ní Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bẹ̀nẹ̀, kí ó yé e pé oko ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wa ń bẹ ní Bẹ̀nẹ̀, ilé ìdáná rẹ̀ ń bẹ ní Nàìjíríà, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ jẹ́jọ́ rí.

Ọdún mẹ́rin ni Màmá kò fi ojú kan ọmọ yìí. Nígbà tí a gbọ́ pé Bẹ̀nẹ̀ ni yóò bá wa pàdé ní àṣekágbá, a háyà bọ́ọ̀sì kan, a sì mú Màmá dání. Táyà bẹ́ lẹ́yìn Ayétòrò. Abala kẹrin ti ń parí kí a tó wọlé, gbogbo ìjókòó sì ti kún. Ọ̀gbẹ́ni Bánjí, tí ń bójú tó èrò, fún mi ní àga oníke kan, mo sì gbé e sí ẹ̀yìn ìlà, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sọdá ń dúró sí. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí o. Mo mọ̀ dájú pé a kì í gbé èrò síbẹ̀. Orúnkún Màmá ni ó ṣe mí láàánú. Èyí tí ó burú jù ni pé mo sọ fún Màmá pé bí Nímọ́tà bá sún mọ́ tòsí, kí wọ́n kí i. N kò sọ ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n kí i.

Ní abala karùn-ún, ìhà kejì ni Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ dúró sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní àmì mẹ́jọ, wọ́n pààrọ̀ ìhà gẹ́gẹ́ bí òfin, Bẹ̀nẹ̀ sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Eré le, ó le gan-an. Nàìjíríà ní mẹ́rìnlá, Bẹ̀nẹ̀ ní mẹ́tàlá, ó wá kan Nímọ́tà láti gbá bọ́ọ̀lù sọdá. Rẹfirí fọn fèrè. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ni òfin fún un. Màmá na ọrùn, wọ́n rí ọmọ wọn nítòsí, wọ́n sì pè é: "Àṣìkẹ́!" Oríkì tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn; a kì í kọ irú rẹ̀ sínú páásípọ́ọ̀tù. Nímọ́tà yíjú padà, ó fi bọ́ọ̀lù sí abíyá, ó sì kúnlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ̀yin Ọ̀gá, Màmá kì í gé oríkì kúrú fún ẹnikẹ́ni. Wọn kò tíì kúrò lórí bàbá tó bí ìyá wọn tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ fi pé. Rẹfirí fọn fèrè, àmì kẹẹ̀ẹ́dógún di tiwa, eré parí.

N kò bá rẹfirí jà. Ohun tí òfin wí ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń kì, tí ó wá kẹ̀yìn sí i nítorí pé aago ń lọ, irú ọmọ wo nìyẹn? Mọ́rẹ́olúwa, balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ọmọ Ajílété ni. Ó ti gbé apá méjèèjì sókè láti jó kí ó tó rí wọn. Ó gba abẹ́ àwọ̀n kọjá, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nímọ́tà, kò sì dìde títí Màmá fi parí. Ìwé ẹ̀rí tí òun náà fọwọ́ sí wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Lẹ́yìn eré, mo bá Nímọ́tà níbi tí ó ti ń sunkún nítorí àmì náà, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín sí Màmá, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Tísà, mo gbọ́ fèrè. Ṣùgbọ́n Màmá ni mo kọ́kọ́ gbọ́." Mo gbà á gbọ́. Ẹni tí ó ta orílẹ̀-èdè rẹ̀ kì í sunkún bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ fagi lé ẹ̀sùn yìí kí ọjọ́ ìjẹ́jọ́ tó pé, kí ẹ sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Bí ìjìyà bá wà, èmi tí mo gbé àga ni kí ẹ fi jẹ. Ẹ lè ní kí n má dé pápá ìdíje yín fún ọdún méjì. Màá máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀nà ọ̀fun mi yóò sì sinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi okùn yí ẹ̀yìn ìlà ká lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí ìyá àgbà pọ̀ ní ilẹ̀ Yewa.

Màmá kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀sùn yìí. Láti ọjọ́ tí a ti padà dé, kò sí ẹni tí ó gba iwájú ilé wọn kọjá tí wọn kò pè kí ó wá gbọ́ bí ọmọ àwọn ṣe dá eré dúró, tí ó kúnlẹ̀ kí àwọn níwájú orílẹ̀-èdè méjì. N kò rí irú ayọ̀ yìí lójú wọn rí. Bí Ìgbìmọ̀ bá pinnu pé ìkúnlẹ̀ náà ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Kí ọ̀kan nínú yín wá sí Ìwòyè, kí ó jókòó ti Màmá, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Èmi kò ní lè sọ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí ń retí èsì rere,

Kòfowórọlá Fágbénró (Ìyáàfin),
Olùkọ́ eré ìdárayá tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Alága, Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Fọ́líbọ́ọ̀lù, Ìwòyè-Kétu.