Má Jẹ́ Kí Wọ́n Dé Fìlà Oníwáyà Lé Vilja Lórí

Riikka ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Hẹlisínkì, ìwọ àti ọkọ rẹ, àti Vilja ọmọ-ọmọ mi? Ọlọ́run á dá a sí fún wa, á sì jẹ́ kí ẹ máa rí oorun sùn. Àwa náà wà níbí, àwọn ẹ̀fọn náà sì wà.

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ló mú mi kọ̀wé. O ní àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ dé fìlà oníwáyà lé ọmọ lórí, kí wọ́n lè rí bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sílé. Jọ̀ọ́, má gbà fún wọn, àṣírí ilé wa wà nínú orí yẹn.

Ìwọ náà lo fà á. Nígbà tí ẹ wá kí wa, o ní ọ̀rọ̀ tí a bá ń bá ọmọ tuntun sọ ló ń kọ́ ọpọlọ rẹ̀ bí ẹni kọ́lé. Bàbá rẹ gbà ọ́ gbọ́, bàbá rẹ tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wọ́n bí imí eégún, tó jẹ́ pé láàárọ̀ á ní kọfí dà, tó bá dalẹ́ á ní ilé ìwẹ̀ olóoru ti gbóná, ó parí. Ó ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Mo fara pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ tí mo sá. Ó ròyìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ó ròyìn Reino aládùúgbò wa tó ń yẹ àwọ̀n ẹlòmíì wò, ló bá kan ọ̀rọ̀ àbàtà tó ti ń ká èso hilla.

O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi ibi tó ti ń ká hilla han ẹnikẹ́ni. Látìgbà tí a ti fẹ́ra, garawa tó kún fún èso pupa rẹ́súrẹ́sú ni mò ń rí, n ò mọ ibi tó ti ń kún. Reino tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ́dún kan, àwọn ọlọ́pàá ló wá a jáde nínú igbó. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró ni bàbá rẹ wá jókòó sọ ọ́ fún. Tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn bá kà á jáde, gbogbo Hẹlisínkì á gbé garawa wá.

Èmi fúnra mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tó dórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀, ó fẹnu sí ọmọ létí. Lẹ́yìn náà ló gbórí sókè, tó ní, "Tí mo bá ti lọ tán, kó o sọ fún ìyá àgbà rẹ. Òun nìkan o."

Riikka, o mọ ohun tí dókítà sọ nípa ọkàn rẹ̀. Mo sunkún sára aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Fi owó ṣúgà tí màá fi se hilla ránṣẹ́ sí mi, ó ti ń pọ́n. Ọlọ́run á fún Vilja ní ọpọlọ pípé. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ọmọ yẹn tètè sọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hilkka