Kí Nǹkan Oṣù Tó Dé

Àbámẹ́ta, 12 oṣù Kẹrin 2025
Ó tún ṣẹlẹ̀. Ní ibùdókọ̀ Benson, lójú gbogbo ayé. Táyà ọkọ̀ kan bẹ́ – kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀ nínú eruku, bí àwọn adigunjalè ṣe pàṣẹ fún èmi àti Àkànbí ọkọ mi lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́dún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀, Sèlíátù, wà pẹ̀lú mi. Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́ ni mò ń pè é. Ojú náà kì í sì í jẹ́ kí nǹkan kan fo òun. Kí n tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu, ìròyìn ti délé.

Àìkú, 13
Àkànbí gbé Baseerah ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ààfáà Bísíríyù, ààfáà ẹbí wọn, ló ní àlùjànnú ń bá mi jà, ọmọ kò gbọdọ̀ sùn tì mí. Tí ara mi bá balẹ̀ kó tó di Iléyá, á padà wálé. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ìṣẹ́gun, 15
Nǹkan oṣù dé. Mo rí oorun sùn.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Karùn-ún
Mò ń ka ọjọ́ ààwẹ̀ tí nǹkan oṣù gbà lọ́wọ́ mi, tí mo máa san. Kàlẹ́ńdà ilé ìdáná ni mo máa ń sàmì nǹkan oṣù sí, ìyá mi ló kọ́ mi. Mo wá rí nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo sá sábẹ́ tábìlì nígbà sààrì – ọjọ́ méjì kó tó dé. Ti Benson – ọjọ́ mẹ́ta. Ti oṣù Kejì, ọjọ́ méjì náà ni. Àlùjànnú wo ló ń wo kàlẹ́ńdà?

Jímọ̀, 9
Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ ní ilé ìwòsàn tó wà ní Agric. Ó ní họ́mónù obìnrin máa ń wálẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé. Fún ẹlòmíì tí ẹ̀rù ńlá ti bà rí, ó máa ń ṣòro fún ọpọlọ láti pa iná ẹ̀rù lásìkò yẹn. Ìtọ́jú wà, òun máa fìwé rán mi sí dókítà. “Ara yín ló ń ṣe é, Ìyá Baseerah. Orí yín pé.” Mo sunkún níwájú rẹ̀. Odindi ọdún kan, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Àìkú, 11
Ẹ̀rù náà dé, bí mo ṣe retí rẹ̀. Mo ti ara mi mọ́ balùwẹ̀, àyà mi ń lù kì-kì-kì, títí ó fi rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Àkànbí náà dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ adigunjalè yẹn o! Látìgbà náà, àdá ló ń sùn tì. Ó gbá ọlọ́dẹ létí torí pé géètì dún. Ní tiẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin ń ṣọ́ ilé rẹ̀ ni.

Jímọ̀, 30
Mo fi kàlẹ́ńdà han Àkànbí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Ṣé ó dá ẹ lójú?” Ó yà á sínú fóònù. Mò ń kọrin nídìí sítóòfù!

Jímọ̀, 6 oṣù Kẹfà
Iléyá, Ẹ̀pẹ́. Wọ́n pa àgbò tán, Ààfáà gba fóònù ọkọ mi, ó nà án sókè lójú gbogbo ẹbí. Kàlẹ́ńdà ìdáná mi! Ó ní Ọlọ́run ti tú àṣírí: àlùjànnú náà mọ ìgbà tí mo fẹ́ fi ìrun sílẹ̀ torí nǹkan oṣù, ó ń wá gbàyè sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Ìyá ọkọ mi ní, “Má bá Ààfáà jiyàn, ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì rí àlùjànnú rí ni?” Mo wo Àkànbí. Awọ àgbò ló ń wò.

Wọ́n ti fẹnu kò. Baseerah á máa gbé Ẹ̀pẹ́ títí mi ò fi ní rí nǹkan oṣù mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí.

Baseerah wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ẹran. “Mọ́mì, Ìyá Àgbà ní ẹ máa wá mú mi tí ẹ bá ti darúgbó. Ṣé ó máa pẹ́?”